Hepatitis B: ọmọ ogun ara ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, òun náà ni wọ́n fẹ́ fi wò ó sàn

Èèyàn méjì lè gba èsì kan náà ní lábù lọ́jọ́ kan náà: HBsAg, reactive, ìyẹn pé fáírọ́ọ̀sì hepatitis B, tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀, wà lára wọn. Fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nínú mìlílítà kan ṣoṣo, síbẹ̀ kó máa jẹun, kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ má sì ní àpá kankan. Ti ẹnì kejì lè má ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ, kí ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n, kí ìtọ̀ rẹ̀ ti dúdú bíi kóòkì, kí ikùn rẹ̀ sì ti máa wú. Ẹni tó bá rò pé bí kòkòrò bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ṣe ń le tó, ọ̀rọ̀ hepatitis B ò ní yé e.

Ohun tó fà á ni pé fáírọ́ọ̀sì yìí kì í fúnra rẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó bá wọ̀. Ó fẹ́ kí ilé dúró, kó lè rí ibi gbé. Àwọn tó ń wó ilé náà ni ọmọ ogun ara wa, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá ọ̀tá rí kí wọ́n sì pa á. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́dẹ àdúgbò gbọ́ pé olè wà nínú ilé kan, tó wá sọ iná sí ilé ọ̀hún, tolè tonílé. Ẹni tó bá di èyí mú, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń rú aráyé lójú nípa àìsàn yìí yóò yé e: ìdí tí ọmọ tuntun fi ń gbé e dàgbà nígbà tí àgbàlagbà sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí tí oògùn tó ń wo àìsàn ẹ̀dọ̀ kan sàn fi lè pa ẹni tó ní hepatitis B, àti ìdí tí àwọn tó ń wá ìwòsàn rẹ̀ lónìí kò fi tẹjú mọ́ fáírọ́ọ̀sì nìkan mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tẹni díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé mílíọ̀nù 254 èèyàn ló ń gbé pẹ̀lú hepatitis B lọ́dún 2022, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 lọ́dún náà. Nínú gbogbo àwọn tó ní i, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ̀, ìdá 3 péré ló sì ń lo oògùn. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí ìjọba ṣe láti ilé dé ilé lórí HIV lọ́dún 2018 yẹ hepatitis náà wò. Ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ní B. Ká fojú bù ú, ẹnì kan nínú danfo kan tó kún.

Ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀

Kékeré ni, nǹkan bíi nanomítà 42. Bó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, DNA rẹ̀ á kọjá lọ sí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, á ká kò bí òrùka, á sì jókòó síbẹ̀. Òrùka yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní cccDNA. Láti ara rẹ̀ ni ẹ̀dà tuntun ti ń jáde. Tenofovir àti entecavir, oògùn méjì tí wọ́n ń lò jù lọ, máa ń dá iṣẹ́ ìdàkọ náà dúró ní ìdajì ọ̀nà. Fáírọ́ọ̀sì tuntun ò ní lè jáde mọ́, ṣùgbọ́n òrùka ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè lo tenofovir fún ọdún mẹ́wàá, kí fáírọ́ọ̀sì má hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rárá, kí HBsAg sì tún máa jáde bí "reactive" lọ́dọọdún. Oògùn ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe náà nìyẹn.

HBsAg yẹn gan-an tó ohun tí à ń dúró lé lórí. Awọ ìta fáírọ́ọ̀sì ni. Baruch Blumberg, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ti wá gba ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1957 fún ìwádìí lórí bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà kan ṣe yàtọ̀ sí ti òmíràn, ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kan. Wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1965, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1976. Ohun tó wá hàn lẹ́yìn náà ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó kó àrùn máa ń tú awọ òfìfo yìí sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju fáírọ́ọ̀sì gidi lọ. Kò sí DNA nínú rẹ̀, kò lè kó ran ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tàn ni. Àǹtíbọ́dì tó yẹ kó mú fáírọ́ọ̀sì á máa lé awọ kiri, àwọn ọmọ ogun tó ń rí awọ kan náà láràárọ̀ fún ogún ọdún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sú.

Sísú yẹn kì í ṣe àfiwé. Àárẹ̀ ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Lára CD8, ìyẹn irú ọmọ ogun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó kó àrùn, tó ti rẹ̀ báyìí, wọ́n máa ń bá bíréèkì kan tó ń jẹ́ PD-1, èyí tí ẹgbẹ́ Tasuku Honjo ṣàwárí rẹ̀ ní Japan lọ́dún 1992. Bíréèkì yìí ò burú láyè ara rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ogun parí kí ara má bàa jó tán. Nínú hepatitis B tó ti pẹ́, ẹsẹ̀ ló wà lórí bíréèkì láìkúrò.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé ọmọ ogun ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́? Francis Chisari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Scripps, ní California, dá eku tó ní apilẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà láti inú oyún wá. Ẹ̀dọ̀ àwọn eku yìí ń tú fáírọ́ọ̀sì jáde, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan, torí ara wọn kà á mọ́ ohun ìní ara wọn. Ìgbà tí wọ́n fa CD8 tó ti dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀ sí wọn lára ni ẹ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wọ́n wá lọ sórí ìnàkí chimpanzee, tí hepatitis B ń mú bó ṣe ń mú èèyàn. Lọ́dún 2003 ni èsì tó yanjú ọ̀rọ̀ jáde. Wọ́n fi oògùn gbá CD8 kúrò lára ìnàkí tó kó fáírọ́ọ̀sì. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ pọ̀: fáírọ́ọ̀sì ò lọ, ẹ̀dọ̀ ò sì bàjẹ́. Ìgbà tí CD8 padà wá ni ALT, ẹ́ńsáìmù tó ń fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ń fọ́, fò sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ìgbà náà ni fáírọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àìsàn àti ìwòsàn gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí a ò fi ní sọ̀rètí nù. Ní 1999, ẹgbẹ́ yìí kan náà ti fi hàn lára ìnàkí pé púpọ̀ nínú DNA fáírọ́ọ̀sì ti pòórá kí bíbàjẹ́ ẹ̀dọ̀ tó dé góńgó. Ohun ìjà méjì ló wà lọ́wọ́ ọmọ ogun: ó lè pa sẹ́ẹ̀lì tó kó àrùn, ó sì lè tú àwọn èròjà bíi interferon-gamma àti TNF sílẹ̀, tí yóò pa fáírọ́ọ̀sì lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì láìpa sẹ́ẹ̀lì náà. Ohun ìjà kejì yẹn ni gbogbo àwọn tó ń wá oògùn tuntun ń lé.

Ìfun náà lọ́wọ́ sí i

Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ ló ń gba ọ̀dọ̀ ìfun kọjá wá. Gbogbo àmàlà, ẹja àti ata tí a jẹ, gbogbo èérún bakitéríà tó bá yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ìfun, ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ pàdé wọn. Tó bá jẹ́ pé ó ń gbé ìjà ko gbogbo àlejò ni, ojoojúmọ́ ni yóò máa wú. Nítorí náà, ara ti kọ́ ẹ̀dọ̀ ní ìfaradà. Roy Calne, oníṣẹ́ abẹ ní Cambridge, fi èyí hàn kedere lọ́dún 1969: ó gbé ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan sínú ẹlẹ́dẹ̀ míì láìlo oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà á. Kíndìnrín tàbí awọ láti ara ẹlẹ́dẹ̀ tó ni ẹ̀dọ̀ yẹn, tí ara ì bá kọ̀, ara tún gbà á nítorí ẹ̀dọ̀ náà. Ìwà ìfaradà yìí ni fáírọ́ọ̀sì ń jẹ lé lórí.

Ó tún hàn nínú ọjọ́ orí. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá kó o ràn nígbà ìbí, bí àádọ́rùn-ún ni yóò gbé e dàgbà. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó kó o, kò tó márùn-ún. Àgbàlagbà tó bọ́ yìí ló sábà máa ń ṣàìsàn gan-an: ojú á pọ́n, á máa bì, àárẹ̀ á mú un fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ogun náà jà ní tòótọ́. Ọmọ tuntun kì í ṣe nǹkan kan. Ó ń sùn, ó ń mu ọyàn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló léwu.

Kí ló fà á tí ara ọmọ ò fi jà? Ìdáhùn kan jáde láti Taiwan lọ́dún 2015, ó sì yà mí lẹ́nu nítorí ibi tó gbà yọ. Wọ́n fi DNA fáírọ́ọ̀sì sára eku. Àwọn tó ti pé ọ̀sẹ̀ 12 lé e jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ò lè lé e. Nígbà tí wọ́n fi oògùn apabakitéríà gbá bakitéríà inú ìfun àwọn àgbà eku dànù, àwọn náà ò lè lé e mọ́. Ó jọ pé bakitéríà inú ìfun, bó ṣe ń pọ̀ sí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ló ń kọ́ ẹ̀dọ̀ ní ìgbà tó yẹ kó bínú. Eku ni o. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹnì kan máa mu yógọ́ọ̀tì láti fi wo hepatitis B.

Ọ̀rọ̀ ìfaradà yìí náà ti ń ní àtakò. Ìwé ìṣègùn máa ń sọ pé ọmọ ogun àwọn ọ̀dọ́ tó kó o láti kékeré ń sùn ni, pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láìlo oògùn. Ìwádìí tí Patrick Kennedy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2012 rí i pé lára àwọn ọ̀dọ́ yìí, ọmọ ogun tó dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀ ṣì wà, àárẹ̀ wọn ò sì tíì tó ti àwọn tó jù wọ́n lọ. Àríyànjiyàn lórí ìgbà tó yẹ kí oògùn bẹ̀rẹ̀ ti gba ọ̀nà míì láti ìgbà náà.

Bí a ṣe ń ka èsì

Kò sí ohun tí aláìsàn ń ṣì lóye tó ALT. Ẹ́ńsáìmù ni, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ń gbé. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́ ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kò sọ iye fáírọ́ọ̀sì fún wa, bí ogun ṣe ń jà lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń sọ. Ogun sì máa ń dáwọ́ dúró, ó máa ń tún bẹ̀rẹ̀. ALT tó dára lóṣù Kẹta lè di igba lóṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí wọ́n ṣàyẹ̀wò fún lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ní "carrier ni ẹ́, máa lọ", kò tíì gba ìtọ́jú. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà tàbí ọdọọdún ló yẹ kó máa padà. Ohun mìíràn tó ń fa àṣìṣe ni pé ọ̀pọ̀ lábù ń tẹ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí ìwé bí òpin ohun tó dára, nígbà tí WHO fi 30 ṣe òpin fún ọkùnrin, 19 fún obìnrin. Obìnrin tí ALT rẹ̀ jẹ́ 34 á rí "normal" lórí ìwé, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ìlànà tuntun tí WHO gbé jáde lọ́dún 2024 mú kí ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ oògùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kan àgbàlagbà tí àpá ti ń wà lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Tàbí ẹni tí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ju 2,000 IU (ìwọ̀n tí lábù fi ń kà á) nínú mìlílítà lọ tí ALT rẹ̀ sì kọjá òpin tí a sọ yẹn. Tàbí ẹni tó ní HIV, àtọ̀gbẹ, tàbí tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà nínú ìdílé rẹ̀. Níbi tí kò bá sí owó tàbí ẹ̀rọ láti ka fáírọ́ọ̀sì, ALT tó ń ga léraléra nìkan tó. Tenofovir mílígíráàmù 300 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n sábà ń fún àgbàlagbà, tàbí entecavir 0.5.

Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá àpá wà kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. APRI ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú AST aláìsàn, ẹ́ńsáìmù míì tó jọ ALT, ẹ fi òpin AST ti lábù pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ẹ fi iye platelet, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, pín in. Ká ní AST jẹ́ 62, òpin lábù jẹ́ 40, platelet sì jẹ́ 140. 62 nínú 40 jẹ́ 1.55, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 155, fi 140 pín in, ó di 1.1. Bó bá ju 0.5 lọ, àpá ti wà. Bó bá ju 1 lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dọ̀ ti le gbagidi. Ibi méjì ni ìṣirò yìí ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Lábù míì ń kọ platelet sílẹ̀ bíi 140,000. Ẹgbẹ̀rún ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pín in. Èkejì ni ibà: màlaríà máa ń fa platelet wálẹ̀, ó sì lè gbé AST sókè, nítorí náà APRI tí wọ́n ṣírò láàárín ibà lè fún ẹni tára rẹ̀ dá ní ẹ̀dọ̀ líle lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí ibà lọ ná.

Oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun lórí ba

Àìsàn ẹ̀dọ̀ kan wà tí fáírọ́ọ̀sì kankan ò dá sí, autoimmune hepatitis, níbi tí ọmọ ogun kàn ṣàdédé dìde sí ẹ̀dọ̀ láìsí olè nílé. Prednisolone ni wọ́n fi ń wò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ ogun ara náà ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nínú hepatitis B, ó bọ́gbọ́n mu kí wọ́n dán prednisolone wò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Hong Kong, tó jáde lọ́dún 1981, fi hàn pé ṣe ni àwọn tó lò ó burú sí i ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Steroid, ìyẹn irú oògùn tí prednisolone jẹ́, á mú ọlọ́dẹ sùn, fáírọ́ọ̀sì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i láìsí ẹni tó ń bi í. ALT lè dára lásìkò yìí, kí aláìsàn máa dúpẹ́. Ọjọ́ tó bá dá oògùn dúró, ọlọ́dẹ á jí, á bá olè nínú gbogbo ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ lè dákú pátápátá. Ewu yìí ń pọ̀ sí i fún ẹni tó bá ń lo prednisolone tó tó mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ti oògùn jẹjẹrẹ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti rituximab, tí wọ́n ń lò fún àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ló sì le jù. Lọ́dún 2013, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ nípa hepatitis B sórí rẹ̀. Rituximab lè jí fáírọ́ọ̀sì lára ẹni tí HBsAg rẹ̀ ti di negative láti ọdún gbọọrọ, torí òrùka cccDNA ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀, ọmọ ogun ló kàn ń ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ, rituximab tàbí steroid ọlọ́jọ́ pípẹ́, àyẹ̀wò méjì ló yẹ kó ṣe: HBsAg àti anti-HBc, ìyẹn àǹtíbọ́dì tó ń fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ ara rí. HBsAg nìkan ò tó. Bí ó bá jẹ́ HBsAg ló jáde, entecavir tàbí tenofovir ló yẹ kó ṣáájú, kó sì máa bá a lọ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí oògùn kejì bá parí, tàbí ọdún kan ó kéré tán bí ó bá jẹ́ rituximab.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sí ọsibítù. Dexamethasone àti prednisolone wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì láìsí ìwé dókítà. Àwọn ọmọbìnrin ń lò ó láti sanra, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ àwọn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún oríkèé ríro. Nínú danfo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá ní HBsAg tó sì ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò mọ ohun tó ń fi ṣeré.

Àṣìṣe kan wà tó jọ ọ́: dídá tenofovir dúró. Aláìsàn á lò ó fún ọdún méjì, èsì á jáde pé fáírọ́ọ̀sì ò hàn mọ́, á ní òun ti yá, tàbí owó á tán. Òrùka tó wà nílẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ ogun tó ti sinmi á sì kọjú sí i pẹ̀lú agbára. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, èyí lè pa á. Ẹni tí owó bá fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó sọ fún dókítà kó tó tán.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Awọ òfìfo tí fáírọ́ọ̀sì fi ń tan ara jẹ, òun náà ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n fi HBsAg nìkan sínú rẹ̀, ara á kọ́ àǹtíbọ́dì sí i kí fáírọ́ọ̀sì gidi tó dé. Bí àǹtíbọ́dì yìí, anti-HBs, bá tó 10 mIU nínú mìlílítà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ààbò wà. Fún ọmọ tuntun, eré ìje ni: fáírọ́ọ̀sì wọlé nígbà ìbí, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ lé e bá láàárín wákàtí 24. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn tọjọ́ ìbí ni mẹ́ta míì á tẹ̀ lé e, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, nínú pentavalent, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ kò ju ìgò oògùn lọ. Ìgò kan sábà máa ń tó ọmọ mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì ò sì fẹ́ ṣí i nítorí ọmọ kan, á ní kí ìyá padà wá lọ́jọ́ àjẹsára. Ó dà á pọ̀ mọ́ BCG, tó gbọ́dọ̀ di dídànù láàárín wákàtí mẹ́fà bí wọ́n bá ti pò ó. Ti hepatitis B kì í ṣe bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sí ìwọ̀n òtútù 2 sí 8, ìgò tí wọ́n ti ṣí ṣì ṣeé lò fún ọjọ́ 28. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kó dì. Ìyá tó bá ní HBsAg, tí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ bá tó 200,000 IU nínú mìlílítà tàbí tí HBeAg rẹ̀, èròjà fáírọ́ọ̀sì tó sábà ń fi hàn pé ó pọ̀, bá jẹ́ positive, lè lo tenofovir láti oṣù kẹrin oyún títí tó fi máa bí, kí ohun tí ọmọ máa bá pàdé lè dín kù.

Ẹni tí HBsAg rẹ̀ ti jẹ́ reactive kò nílò abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún fún awọ náà tẹ́lẹ̀, díẹ̀ sí i ò lè kọ́ ara ní ohunkóhun. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á fún irú wọn. Àwọn ará ilé wọn ló yẹ kó gbà á.

Jíjí ọmọ ogun láìjó ilé

Ìwòsàn tí àwọn olùwádìí ń wá báyìí kò tíì jẹ́ pé kí òrùka cccDNA kúrò. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwòsàn ni pé kí HBsAg pòórá, kí fáírọ́ọ̀sì má sì hàn fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí èèyàn dá gbogbo oògùn dúró, kí ọmọ ogun fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ ohun tó kù. Láìsí ìrànlọ́wọ́, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Interferon alábẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 48, máa ń mú un ṣẹlẹ̀ lára ìwọ̀nba díẹ̀, pẹ̀lú ibà, ara ríro àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń mú kí ọ̀pọ̀ sá fún un.

Ọ̀nà kan ni láti tú bíréèkì. Wọ́n fún àwọn aláìsàn díẹ̀ ní nivolumab, oògùn jẹjẹrẹ tó ń dí PD-1, ní ìwọ̀n kékeré. Èsì jáde lọ́dún 2019. Lára ọ̀kan nínú wọn, HBsAg pòórá, ALT rẹ̀ sì fò sókè kó tó pòórá. Ẹ rí i pé ìnàkí ọdún 2003 náà ló tún padà wá. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi irú oògùn yìí dán ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le wò lórí ọ̀rọ̀ hepatitis B, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ kan, atezolizumab pẹ̀lú bevacizumab, ti di ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láti 2020.

Ọ̀nà kejì ni láti kó ẹ̀tàn kúrò nílẹ̀, kí ọmọ ogun lè rí ọ̀tá. Bepirovirsen ń ṣe èyí: ó ń gé lẹ́tà tí fáírọ́ọ̀sì fi ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe awọ, ó sì ń ta ọmọ ogun jí díẹ̀. Nínú ìdánwò ìpele kejì tó jáde lọ́dún 2022, mílígíráàmù 300 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24 mú kí HBsAg àti fáírọ́ọ̀sì pòórá lára bí ẹni mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ṣì pòórá ní ọ̀sẹ̀ 24 lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n dá a dúró. ALT àwọn kan fò sókè níbẹ̀ náà. Àwọn tí HBsAg wọn kéré láti ìbẹ̀rẹ̀ ló jàǹfààní jù, nítorí náà nínú ìdánwò ìpele kẹta, ẹni tí HBsAg rẹ̀ ò ju 3,000 IU nínú mìlílítà lọ ni wọ́n gbà.

Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Irú hepatitis B tó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, genotype E, kì í sábà wà nínú àwọn ìdánwò ńlá, tó jẹ́ pé Éṣíà àti Yúróòpù ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ aláìsàn jọ. Ìwé pélébé tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ lé lórí ní lábù àdúgbò, tí ìlà méjì ń yọ lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ń sọ fún èèyàn pé HBsAg wà. Kò lè sọ bóyá 300 ni tàbí 30,000. Bí oògùn yìí bá dé ọjà lọ́la, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà máa bi aláìsàn ní Ìbàdàn tàbí Kùtọnu ni iye HBsAg rẹ̀, ìwọ̀nba lábù díẹ̀ ló sì lè kà á.